Bí ẹ ṣe lè mú kí kọ̀ǹpútà gbé aró lọ lórí omi láì jẹ́ kó ṣá, láì jẹ́ kó gbọ̀n

Ká ní aró dà sínú ìṣàn omi, tí omi sì ń gbé e lọ. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò ju kó sọ ibi tí aró náà dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Omi kò rú, aró kò tàn ká, ó kàn ń lọ ni. Síbẹ̀, ibi tó dà bí ẹni pé ó rọrùn jù yìí ni ọ̀pọ̀ próójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá nípa ìṣàn omi àti afẹ́fẹ́ ti ń bàjẹ́. Nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Aró lè ṣá bí àdìrẹ tó ti pẹ́ jù lórí okùn ìsáṣọ. Ó lè máa gbọ̀n, kí kọ̀ǹpútà máa sọ pé aró tó kéré sí òdo wà níbì kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nọ́ńbà á máa wú títí ojú fèrèsé á fi kún fún `nan` (ohun tí kọ̀ǹpútà ń kọ nígbà tí èsì kì í ṣe nọ́ńbà mọ́).

Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ nìyí: u_t + a·u_x = 0. Ìwọ̀n aró ni u, ìyára omi ni a. Bí u ṣe ń yí padà bí àkókò ṣe ń lọ ni u_t, bó ṣe ń yí padà láti ibì kan sí èkejì ni u_x, aró ìbẹ̀rẹ̀ sì ni u0. Ìdáhùn rẹ̀ gan-an ni u(x, t) = u0(x − a·t), ìyẹn ni pé aró àárọ̀ náà ni aró alẹ́, ibi tó wà nìkan ló yí padà. Nítorí pé a mọ ìdáhùn yìí, kò sí àwáwí fún ẹnikẹ́ni: ẹ lè wọn àṣìṣe yín gééré.

Ohun tí ẹ nílò

Laptop tó ní Python 3, NumPy àti Matplotlib. Bí laptop kò bá sí, Google Colab lórí fóònù tó fún gbogbo iṣẹ́ yìí, àyàfi ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn tó lè gba sùúrù díẹ̀.

Nọ́ńbà tí a ó lò: omi tó gùn ní 100 m, ìyára 0.5 m/s, àbàwọ́n aró tó fẹ̀ ní 20 m, láti 40 m dé 60 m. Ìwọ̀n aró jẹ́ 1 nínú àbàwọ́n, ó sì jẹ́ 0 níta. Ẹni tó bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè máa fojú inú wo Odò Ọbà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò wọn nọ́ńbà wọ̀nyí níbẹ̀. A yàn wọ́n kí ẹ lè fi bírò àti ìwé yẹ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wò ni.

Èdè tí a ó máa sọ: a ó pín omi náà sí *yàrá* 200, bí ìlà kan nínú ilé face-me-I-face-you ní Under-G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àfi pé yàrá kọ̀ọ̀kan já sí èkejì. *Ẹnu ọ̀nà* wà láàárín yàrá méjì, ibẹ̀ ni aró ń gbà kọjá. Yàrá tó kẹ́yìn já padà sí yàrá àkọ́kọ́, nítorí náà aró tó bá jáde lápá ọ̀tún á wọlé padà lápá òsì. Yípo kan ń gba 200 s, aró sì gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti gbéra, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ pín omi sí yàrá

```
import numpy as np
a, Lx, N = 0.5, 100.0, 200
dx = Lx/N
x = (np.arange(N) + 0.5)*dx
u0 = np.where((x > 40) & (x < 60), 1.0, 0.0)
```

Ìbú yàrá, `dx`, jẹ́ 0.5 m. Àárín yàrá ni `x` dúró sí, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà.

Ibi méjì ni àwọn ènìyàn ti ń ṣubú níbí. Àkọ́kọ́ ni `np.linspace(0, 100, 200)`. Ó ń ka 0 àti 100 pọ̀, bẹ́ẹ̀ ibì kan náà ni méjèèjì nínú omi tó ń yípo. Àlàfo rẹ̀ á sì di 100/199 dípò 0.5. Àṣìṣe náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò ní rí i nínú àwòrán, ṣùgbọ́n á ba Ìgbésẹ̀ 7 jẹ́ pátápátá. Èkejì: bí ẹ bá kọ `1, 0` dípò `1.0, 0.0`, NumPy á ka gbogbo rẹ̀ sí odidi nọ́ńbà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi `u[i] = 0.7` sínú rẹ̀, yóò gé e sí 0 láì sọ fún yín. Aró á pòórá, ẹ ó sì máa wá ẹ̀bi nínú ìṣirò tí kò ṣẹ̀.

Àyẹ̀wò: `u0.sum()*dx` gbọ́dọ̀ jẹ́ 20.0 gééré. Yàrá 40 ló ní aró, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan 0.5 m.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan ìṣísẹ̀ àkókò

Ọdún 1928 ni Courant, Friedrichs àti Lewy ti fi hàn ní Jámánì pé ìṣísẹ̀ ní ààlà. Nọ́ńbà Courant ni C = a·dt/dx: iye yàrá tí aró ń là kọjá nínú ìṣísẹ̀ kan. Fún ọgbọ́n (ìlànà ìṣirò) tó rọrùn jù, C kò gbọdọ̀ ju 1 lọ, nítorí pé yàrá kan kò lè mọ ohun tó ń bọ̀ láti yàrá tí kò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lo C = 0.5, ìyẹn `dt` = 0.5 s, ìṣísẹ̀ 400 fún yípo kan.

```
T = 200.0
n = int(np.ceil(T/(0.5*dx/abs(a))))
dt = T/n
C = a*dt/dx
```

Ẹ má kọ `while t < T`. Àjẹkù tó máa ń wà lẹ́yìn nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà lè jẹ́ kó gbé ìṣísẹ̀ kan lé e, aró á sì kọjá ibi tó yẹ kó dúró ní 0.25 m, ìdajì yàrá. Ẹni tó bá ń wá àṣìṣe tí kò ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù lọ kò lè fara mọ́ ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ́kọ́ kọ èyí tó rọrùn jù

Ẹ má sáré lọ sórí WENO (Weighted Essentially Non-Oscillatory), ọgbọ́n tí a ó kọ ní Ìgbésẹ̀ 5. Ẹ kọ upwind ná, èyí tó ń bèèrè lọ́wọ́ yàrá tó wà lápá òkè odò nìkan:

```
u = u0.copy()
for k in range(n):
    u = u - C*(u - np.roll(u, 1))
```

`np.roll(u, 1)` ló ń mú aládùúgbò apá òsì wá, òun sì ni òkè odò nígbà tí `a` bá ju òdo lọ. Ẹni tó bá kọ −1 ti lọ bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ odò, níbi tí aró kò tíì dé. Ẹlòmíràn á ní kí òun má ṣe ojúsàájú, á lo ìyàtọ̀ òsì àti ọ̀tún, á pín in sí méjì. Ìyẹn burú bákan náà. Pẹ̀lú C = 0.5, ìgbì tó gùn ní yàrá 4 ń fi 1.118 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ 100, ó ti di ìlọ́po 70,000. Dídín `dt` kù á kàn sún ikú rẹ̀ síwájú ni.

Àyẹ̀wò kìíní: ẹ fi C = 1 ṣe é, ìṣísẹ̀ 200. `np.abs(u - u0).max()` gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.0, kì í ṣe nọ́ńbà tó sún mọ́ òdo. Ní C = 1, yàrá kọ̀ọ̀kan kàn ń fún aládùúgbò ní ohun tó ní ni.

Àyẹ̀wò kejì: ẹ padà sí C = 0.5. Upwind máa ń tan aró ká bí ẹni pé ó ń po omi, agbára ìtànká náà sì jẹ́ a·dx·(1 − C)/2. Níbí ó jẹ́ 0.0625 m²/s. Lẹ́yìn 200 s, etí aró á ti fẹ̀ pẹ̀lú sigma (òṣùwọ̀n bí etí ṣe tàn ká tó) √(2 × 0.0625 × 200), ìyẹn 5 m. Àárín àbàwọ́n á ti sọ̀ kalẹ̀ láti 1 sí nǹkan bí 0.95. Lẹ́yìn yípo mẹ́rin, sigma á di 10 m, àárín á sì kù bí 0.68. Bí tiyín bá fún yín ní nọ́ńbà wọ̀nyí, ẹ kọ ọ́ dáadáa: ọgbọ́n náà ló kù díẹ̀ káàtó, kóòdù yín kò ṣẹ̀.

Ẹ tún wo agbára ìtànká yẹn dáadáa. Bí C bá kéré sí i, (1 − C) ń tóbi sí i. Ẹni tó rí i pé aró òun ń ṣá, tó wá dín `dt` kù kí ó lè péye, ń dá kún un ni. Pẹ̀lú C = 0.1, sigma lẹ́yìn yípo kan á di 6.7 m.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mọ ìdí tí ipele kejì nìkan kò fi tó

Ipele (order) ni bí àṣìṣe ṣe ń yára dínkù: bí `dx` bá di ìdajì, àṣìṣe ipele kìíní á di ìdajì, ti ipele kejì á di ìdá mẹ́rin. Lax-Wendroff, ọgbọ́n ipele kejì tó jáde ní 1960, kì í jẹ́ kí aró ṣá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé lẹ́yìn etí aró, ìwọ̀n ń gbọ̀n lọ sókè kọjá 1, ó sì ń gbọ̀n lọ sísàlẹ̀ òdo. Kì í ṣe àṣìṣe yín. Ní 1959, Godunov fi hàn pé ọgbọ́n èyíkéyìí tí ìwọ̀n tó ń fún yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ìṣirò kì í yí padà bí aró bá yí padà, tí kì í sì í dá ìgbọ̀n tuntun sílẹ̀, kò lè kọjá ipele kìíní. Ọ̀nà àbáyọ kan ló wà: kí ọgbọ́n náà máa wo aró kó tó pinnu ohun tó máa ṣe.

Ẹni tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ lè lo ìjánu van Leer, φ = (r + |r|)/(1 + |r|), níbi tí r jẹ́ gẹ̀rẹ́ apá òkè odò pín sí gẹ̀rẹ́ apá ìsàlẹ̀ odò, tó ń fa gẹ̀rẹ́ inú yàrá sẹ́yìn tó bá ti dé etí. Ó tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, kì í sì í jẹ́ kí aró bọ́ sísàlẹ̀ òdo. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń gé orí òkè kékeré di pẹrẹsẹ. Bí òkè kékeré bá ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ yín, ẹ tẹ̀síwájú.

Ìgbésẹ̀ 5: WENO5 lẹ́nu ọ̀nà kan

Jiang àti Shu ló gbé èyí tí a ń lò jáde ní 1996. Ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń gbọ́ ẹ̀rí mẹ́ta láti inú yàrá márùn-ún. Ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan wo yàrá mẹ́ta, ó sọ iye aró tó rò pé ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹlẹ́rìí tí ojú ilé rẹ̀ bá rí gbágungbàgun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í wúwo.

```
def weno5(v1, v2, v3, v4, v5, e=1e-6):
    p1 = (2*v1 - 7*v2 + 11*v3)/6
    p2 = (-v2 + 5*v3 + 2*v4)/6
    p3 = (2*v3 + 5*v4 - v5)/6
    b1 = 13/12*(v1-2*v2+v3)**2 + (v1-4*v2+3*v3)**2/4
    b2 = 13/12*(v2-2*v3+v4)**2 + (v2-v4)**2/4
    b3 = 13/12*(v3-2*v4+v5)**2 + (3*v3-4*v4+v5)**2/4
    w1, w2, w3 = 0.1/(e+b1)**2, 0.6/(e+b2)**2, 0.3/(e+b3)**2
    return (w1*p1 + w2*p2 + w3*p3)/(w1 + w2 + w3)
```

`v3` ni yàrá tó wà lápá òkè odò ẹnu ọ̀nà náà gan-an.

Ẹ jẹ́ ká dúró sí etí aró, níbi tí yàrá márùn-ún ti jẹ́ 1, 1, 1, 0, 0. Ẹlẹ́rìí kìíní wo 1, 1, 1, ó ní 1. Èkejì wo 1, 1, 0, ó ní 0.667. Ẹ̀kẹta wo 1, 0, 0, ó ní 0.333. Òṣùwọ̀n gbágungbàgun wọn, b1, b2, b3, jẹ́ 0, 1.333 àti 3.333. Ìwọ̀n ẹlẹ́rìí kìíní á di 0.1 pín sí 10⁻¹², ìyẹn bílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ti èkejì jẹ́ 0.3375, ti ẹ̀kẹta 0.027. Ta ló máa gbọ́ tiwọn mọ́? Ìdáhùn ẹnu ọ̀nà jẹ́ 1 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà lábùkù. Ká ní a kò wo gbágungbàgun, tí a kàn lo 0.1, 0.6 àti 0.3, ìdáhùn á jẹ́ 0.6, ibẹ̀ ni ìgbọ̀n á sì ti bẹ̀rẹ̀.

Àyẹ̀wò: `weno5(1,1,1,0,0)` á fún yín ní 1 dé nǹkan bí nọ́ńbà kọkànlá lẹ́yìn àmì decimal. `weno5(0,0,0,1,1)` á fún yín ní ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0. `weno5(1,2,3,4,5)` gbọ́dọ̀ jẹ́ 3.5.

Ẹ ṣọ́ra: bí ẹ bá ṣèèṣì fi 0.3 síbi 0.1, tí ẹ fi 0.1 síbi 0.3, àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí á yege. Àwòrán náà á sì dára lójú. Ìgbésẹ̀ 7 nìkan ló lè tú àṣírí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ `e` náà ń fẹ́ àkíyèsí. 10⁻⁶ yẹn gbà pé aró yín wà láàárín 0 àti 1. Ẹni tó bá fi kg/m³ kọ ọ́, tí aró rẹ̀ kò ju 0.0001 lọ, òṣùwọ̀n gbágungbàgun rẹ̀ á kéré sí `e`. Gbogbo ẹlẹ́rìí á dọ́gba níwájú rẹ̀, ìgbọ̀n á sì padà dé. Ẹ pín ìwọ̀n aró yín kí èyí tó pọ̀ jù sún mọ́ 1 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá sọ ọ́ di púpọ̀ padà nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ so ó mọ́ àkókò

```
def L(u):
    f = a*weno5(np.roll(u,2), np.roll(u,1), u,
                np.roll(u,-1), np.roll(u,-2))
    return -(f - np.roll(f, 1))/dx

u = u0.copy()
for k in range(n):
    u1 = u + dt*L(u)
    u2 = 0.75*u + 0.25*(u1 + dt*L(u1))
    u  = u/3 + 2/3*(u2 + dt*L(u2))
```

`f` ni ohun tó ń gba ẹnu ọ̀nà apá ọ̀tún yàrá kọjá. Ohun tó jáde nínú yàrá kan ló wọ inú èkejì, ìdí nìyẹn tí aró kò fi lè sọnù.

Ọ̀nà gbígbé ìṣísẹ̀ àkókò tí wọ́n ń pè ní Runge-Kutta onípele mẹ́ta, ti Shu àti Osher, 1988, lèyí. Ẹ má fi ìlà àkọ́kọ́ nìkan ṣe é nítorí kó lè yá: WENO5 pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo kì í dúró, ìgbọ̀n á máa dàgbà díẹ̀díẹ̀ lórí ibi tó tẹ́jú. Bákan náà, `u1 = u` tí `u1 += dt*L(u)` tẹ̀ lé kò dá ẹ̀dà kankan sílẹ̀. Orúkọ méjì fún àpò kan náà ni, `u` ti bàjẹ́ kí ẹ tó dé ìlà kejì.

Àyẹ̀wò: `u.sum()*dx` ṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ 20, kí ìyàtọ̀ má ju 10⁻¹¹ lọ. Àárín aró á wà ní 1. Láti 0.9 dé 0.1 ní etí, upwind gba nǹkan bí yàrá 26. Tiyín kò yẹ kó ju yàrá 10 lọ. WENO kò ṣèlérí pé aró kò ní kọjá 1 rárá, ó lè yọ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí 1.05, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 5.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wọn ipele rẹ̀

Ibí ni àwọn tó ń kánjú máa ń fò, ibẹ̀ náà sì ni olùdánwò máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ fi aró onígun sílẹ̀, ẹ lo `np.sin(2*np.pi*x/Lx)`. Ẹ ṣe yípo kan pẹ̀lú N = 20, 40, 80 àti 160. Àṣìṣe, E, ni `np.mean(np.abs(u - u0))`, ipele sì ni `np.log2(E_N/E_2N)`.

Bí `dt` bá ń dínkù ní ìdajì ní gbogbo ìgbà tí `dx` dínkù ní ìdajì, àṣìṣe àkókò, tó jẹ́ ipele 3, á borí. Ẹ ó rí 3 dípò 5, ẹ ó sì rò pé WENO yín bàjẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C = 0.5 ní N = 20, lẹ́yìn náà ẹ máa fi 3.17, ìyẹn 2 sí agbára 5/3, pín `dt` ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ìṣísẹ̀ yín á jẹ́ 40, 127, 404, lẹ́yìn náà 1,280. Float64 ni kí ẹ lò. Pẹ̀lú float32, àjẹkù nọ́ńbà á bo àṣìṣe tí ẹ ń wá mọ́lẹ̀ kí ẹ tó dé 160.

Bí ẹ ṣe máa ka èsì rẹ̀:

Nǹkan bí 5, bí àpẹẹrẹ 4.9: ó dára.
Nǹkan bí 3: ẹ yẹ 0.1 àti 0.3 wò, tàbí ẹ kò dín `dt` kù tó.
Nǹkan bí 2: ẹ fi ìpíndọ́gba inú yàrá bẹ̀rẹ̀, ẹ wá fi iye àárín yàrá yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀kan ni kí ẹ yàn.
Láti 1 dé nǹkan bí 1.7: ẹ kọ `L(u)` síbi tó yẹ kí `L(u1)` tàbí `L(u2)` wà, tàbí aró kò dúró ní T gééré.

Ìgbésẹ̀ 8: Omi tó ń yí ọ̀nà padà

Bí omi bá ń lọ sápá òsì, ẹ yí àwọn ẹlẹ́rìí po: `weno5(np.roll(u,-3), np.roll(u,-2), np.roll(u,-1), u, np.roll(u,1))`. Ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni kí ó yan apá tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyára ibẹ̀ bá ṣe rí, `np.where` tó fún un. Àyẹ̀wò: ẹ ṣe yípo kan pẹ̀lú a = 0.5, ẹ ṣe òmíràn pẹ̀lú a = −0.5. Nítorí pé àbàwọ́n wa dọ́gba sí 50 m lápá méjèèjì, `u_ọ̀tún` àti `u_òsì[::-1]` gbọ́dọ̀ bára mu dé 10⁻¹².

Tó bá di omi tó ń lọ sí òòró àti ìbú, ẹ ro ìyára méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó yan ìṣísẹ̀: (|a|/dx + |b|/dy)·dt kò gbọdọ̀ ju 0.5 lọ. Ẹ má sì retí ipele 5 mọ́ bí ìyára bá ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Iye kan ṣoṣo tí a mú lẹ́nu ọ̀nà á fà á wálẹ̀ sí ipele 2, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí aró á ṣì mú ju ti van Leer lọ.

Kí ẹ tó da aró sí i, ẹ fi u = 1 kún gbogbo yàrá, ẹ jẹ́ kó rìn ní ìṣísẹ̀ 100. Bí ó bá kúrò ní 1, ẹ má fọwọ́ kan WENO. Omi tó ń wọ inú yàrá kò dọ́gba pẹ̀lú èyí tó ń jáde, ibi tí ẹ ti ṣírò ìyára ni kí ẹ lọ tún ṣe.

Lẹ́yìn náà, àwo Zalesak ti 1979: ojú omi 100 × 100, àwo tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 15, tí àárín rẹ̀ wà ní (50, 75), tí a gé ihò tó fẹ̀ ní 5, tó gùn ní 25, sí lára. Ìyára rẹ̀ ni (π/314)(50 − y) àti (π/314)(x − 50), yípo kan sì ń gba 628. Ẹ má lo yàrá 100 × 100, nítorí ihò náà á fẹ̀ ní yàrá márùn-ún péré, iye kan náà tí WENO5 ń wò lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní rí ilẹ̀ tó tẹ́jú nínú rẹ̀. Pẹ̀lú 200 × 200, `dt` jẹ́ 0.25, ìṣísẹ̀ 2,512. Ẹ fi `np.save` pa `u` mọ́ ní ìṣísẹ̀ 200 200, torí NEPA. Nígbà tó bá parí, ẹ fa ìlà kan gba àárín ihò náà kọjá ní y = 70: ìwọ̀n gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ihò, kó sì gòkè padà lápá kejì. Bí apá kan bá ga ju èkejì lọ dáadáa, ẹnu ọ̀nà kan wà tó ń bèèrè lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ odò.